Ojú Tí Ń Ṣọ́ Ẹranko: Ìtọ́jú Ojoojúmọ́ Nínú Ọgbà Ẹranko Àárín Ìlú

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko, àti ẹ̀yin ọmọ wa láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí dá lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹranko nínú ọgbà tó wà láàárín ìgboro, níbi tí ariwo ọkọ̀ àti ariwo ọjà kò jìnnà sí ibùsùn kìnnìún. Ohun kan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́: iṣẹ́ àkíyèsí ni iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko igbó, ẹni tó bá sì ń rí ẹranko kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó mọ ìrìn rẹ̀, tó mọ oúnjẹ rẹ̀, tó mọ ìbínú rẹ̀, òun gan-an ni dókítà rẹ̀ àkọ́kọ́, yálà ó ní ìwé ẹ̀rí tàbí kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ewúrẹ́ tí inú bá ń run yóò ké, ajá tí ẹ̀gún bá gún lẹ́sẹ̀ yóò tọ olówó rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹranko igbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú igbó, ẹtu tó bá ń tiro ni ẹkùn máa ń kọ́kọ́ lé, ọ̀bọ tí agbára rẹ̀ bá dín kù sì ni àwọn ọ̀dọ́ inú agbo máa ń gba ipò mọ́ lọ́wọ́. Fífi àìlera pamọ́ ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀, wọn kò sì fi í sílẹ̀ nítorí pé a mọ odi yí wọn ká, tí a sì ń gbé oúnjẹ fún wọn. Odídẹrẹ́ lè máa ṣàìsàn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ó máa di igi mú gírígírí, kí ó máa ṣa ọkà ṣánlẹ̀ bí ẹni tó ń jẹun, tí ẹnikẹ́ni kò ní fura títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò bá a nílẹ̀ àgò. Nígbà tí ẹranko igbó bá fi máa ṣe ohun tí àlejò yóò fi mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, àìsàn náà ti jìnnà. Ojú olùtọ́jú nìkan ni ó lè ṣáájú rẹ̀.

Ọgbà tí n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù ni Ọgbà Ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ fojú kan kìnnìún. Ní ọdún 1948, ọdún kan náà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀, ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko díẹ̀ jọ fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Ní ọdún 1974, ó di ọgbà ẹranko ní kíkún. Ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ìlú ni gbogbo agbègbè náà. Lónìí, ìlú ti yí i po: Àgbọ̀wọ́ kọjú sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, Bódìjà wà nítòsí, ilé sì kún títí dé Òjòó.

Bí ìlú ṣe sún mọ́ ọgbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ohun tó ń bá ìlú rìn ń bá a wọ inú ọgbà. Eku ń tẹ̀ lé oúnjẹ, ó sì ń tọ̀ sínú omi tí ẹranko ń mu. Ajá tó ń rìn kiri ń wá egungun ní ẹ̀yìn ilé kìnnìún. Àwọn ènìyàn rò pé kìnnìún kò ní ìdí láti bẹ̀rù ajá, ṣùgbọ́n ní ọdún 1994, àrùn ajá tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní distemper wọ àárín àwọn kìnnìún Serengeti ní Tanzania, ó sì pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Bí àrùn ajá bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní pápá tó fẹ̀ tó yẹn, ẹ wo ohun tó lè ṣe nínú ọgbà tí kìnnìún inú rẹ̀ kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ pé kí a tún ògiri ọgbà ẹranko mọ, kí a sì fún àwọn ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú kìnnìún ni mò ń sọ.

Báwo wá ni àárọ̀ olùtọ́jú ẹranko ṣe ń rí? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀. Yóò rìn yípo ní ọwọ́ òfìfo ná, yóò ka ẹranko, yóò sì wo ohun tí òru ti ṣe. Ó ń wo oúnjẹ àná bóyá ó ṣẹ́ kù, ó ń wo omi bóyá ó dín kù, ó ń wo ìgbẹ́ ilẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé òun ni ìwé tí ẹranko ń kọ ránṣẹ́ sí wa lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ àgbọ̀nrín yẹ kí ó rí róbótó, kí ó gbẹ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ìfun ti ní ìṣòro. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ti ọ̀bọ, wọn yóò bù ú sínú ike, wọn yóò gbé e lọ fún àyẹ̀wò aràn kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Bí ìkookò kò bá yàgbẹ́ rárá fún ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí egungun há a. Gbogbo èyí, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbálẹ̀ ti gbá a dànù kí ó tó rí i.

Ilé kìnnìún ni mo fẹ́ mú yín dé dáadáa. Ilé kìnnìún tí wọ́n kọ́ bó ṣe yẹ ní yàrá inú àti àgbàlá ìta, ìlẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń fà láti ẹ̀yìn ògiri sì wà láàárín méjèèjì. Kí olùtọ́jú tó wọ àgbàlá, ó gbọ́dọ̀ ti fi ẹran tan kìnnìún wọ inú, kí ó fa ìlẹ̀kùn náà, kí ó fi àgádágodo sí i, kí ó sì fọwọ́ fa àgádágodo náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí ni yóò dúró síbi ihò tí a fi ń wo yàrá, tí yóò fi ojú ara rẹ̀ ka àwọn kìnnìún: bí mẹ́ta bá wà nínú ìwé, mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá. Bó bá rí méjì, kò ní ṣí ohunkóhun. Ohun tó dára jù ni kí ènìyàn méjì jọ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ọ̀kan máa ti ilẹ̀kùn, kí èkejì máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọwọ́ tó ti ṣe ohun kan fún ọdún púpọ̀ lè gbàgbé pé òun kò tíì ṣe é lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín mọ ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn gùn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kìnnìún kan pa òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ń fún un lóúnjẹ. Òṣìṣẹ́ náà ti ń tọ́jú kìnnìún yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú. Wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀, n kò sì ní fi ẹnu mi wá ẹlẹ́bi nínú ikú ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ìlẹ̀kùn. Kìnnìún tí a fi ìgò wàrà tọ́ lè mọ ohùn ẹni tó tọ́ ọ, ó lè sáré wá bá a létí irin, síbẹ̀ kìnnìún ni. Nígbà tí ẹran bá wà nílẹ̀, tàbí tí nǹkan bá já a láyà, ìṣẹ̀dá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dìde. Ó yẹ kí a kọ́ ilé ẹranko lọ́nà tí àṣìṣe kan ṣoṣo kò ní lè gba ẹ̀mí ènìyàn, kí ìlẹ̀kùn kejì wà lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, kí ó má sì ṣeé ṣe láti ṣí méjèèjì pọ̀. Owó ni èyí ń ná, owó náà sì yẹ ní nínáa.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń rò pé ó rọrùn. Àwọn kan a ní kí wọ́n ṣáà ju ẹran sí kìnnìún, kí wọ́n ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀bọ, ó parí. Ẹran gidi láìsí egungun lè ba ọmọ kìnnìún jẹ́. Kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú egungun le kò pọ̀ nínú ẹran pupa rárá. Inú egungun ló wà. Ọmọ kìnnìún tí a bá ń fi ẹran tí kò ní egungun nìkan bọ́, nítorí pé a rò pé a ń kẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọ́, egungun rẹ̀ yóò sì máa ṣẹ́ níbi tó ti ń ṣeré. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń fún wọn ní adìẹ lódidi, pẹ̀lú egungun àti ìfun, tí wọ́n sì ń fi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ láì fún àgbà kìnnìún lẹ́ran, nítorí pé nínú igbó, kìnnìún kì í rí ẹran jẹ lójoojúmọ́.

Ibi tí ẹran náà ti wá tún ṣe pàtàkì ju bí ó ti pọ̀ tó lọ. Àwọn aláàánú máa ń fi màlúù tó kú lójijì ta ọgbà ẹranko lọ́rẹ, tàbí kí wọ́n tà á ní ẹ̀dínwó. Ọgbà tí kò bá lówó lọ́wọ́ yóò fẹ́ gbà á. Mo bẹ̀ yín, kí a má gbà á láìjẹ́ pé dókítà ẹranko ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2023, wọ́n rí àrùn anthrax lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger, àrùn yìí sì jẹ́ irú èyí tí màlúù máa ń kú lójijì nítorí rẹ̀, tó sì ń ran ẹranko tó bá jẹ òkú náà àti ènìyàn tó bá dú u. Ti adìẹ náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2004, ní ọgbà ẹkùn kan ní orílẹ̀-èdè Thailand, àwọn ẹkùn Éṣíà tí wọ́n fi adìẹ tútù bọ́ kó àrùn lùkúlùkú ẹyẹ, èyí tó ju 100 lọ nínú wọn sì ṣòfò, yálà nípa àrùn náà tàbí nípa pípa tí wọ́n pa wọ́n kí ó má bàa tàn. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, irú àrùn yẹn wọ Nàìjíríà. Nítorí náà, olùtọ́jú tó béèrè ibi tí adìẹ ti wá kò ṣe ìbéèrè asán.

Ti àwọn ọ̀bọ àti ìnàkí yàtọ̀. Èso tí a ń tà lọ́jà dùn ju èso inú igbó lọ fíìfíì, àwa ènìyàn la sì fọwọ́ ara wa gbìn ín títí tó fi dùn bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá jẹ́ oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti alẹ́, eyín yóò jẹrà, ikùn yóò yọ. Ewé, ẹ̀fọ́, iṣu, ẹ̀pà díẹ̀, àti ẹ̀ka igi tí wọ́n lè bó èèpo rẹ̀ ló yẹ kí ó pọ̀ jù. Ọ̀nà tí a ń gbà fún wọn tún ṣe pàtàkì. Nínú igbó, ìnàkí ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí wá oúnjẹ. Nínú àhámọ́, ó jẹun tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá jókòó ti ọjọ́ gígùn. Àìríṣe yìí ló ń mú kí ẹranko máa lọ, máa bọ̀, lójú ibì kan náà, títí tí ilẹ̀ yóò fi jẹ níbẹ̀, tàbí kí ó máa fa irun ara rẹ̀ tu. Bí ẹ bá rí ẹranko tó ń rìn báyìí, ẹ má rò pé ó ń ṣeré ìdárayá. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀: wọ́n lè fi ẹ̀pà sínú igi tí wọ́n lu ihò sí, wọ́n lè fi oyin díẹ̀ pa ìsàlẹ̀ kòtò kékeré kí ìnàkí fi ọ̀pá wá a, wọ́n lè tú oúnjẹ ká sínú koríko. Ìnàkí tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí kì í já irun ara rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ tí òtútù bá mú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìnàkí, nítorí pé ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tó kàn ń dà wá láàmú lè pa á. Bákan náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lọ láti ara ènìyàn sí ara ọ̀bọ, tó sì tún ń padà. Ẹranko tuntun tó bá dé, wọn yóò kọ́kọ́ fi í sí ibi ìyàsọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, ìnàkí sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwa àlejò. Ọjọ́ kejì Iléyá, ọjọ́ Kérésìmesì, àti ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ọgbà máa ń kún jù, àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn sì ni ó ṣòro jù fún ẹranko. Òṣìṣẹ́ ń sọ fún wa pé kí a má ju nǹkan, a sì ń jù ú, nítorí pé ọmọ wa fẹ́ rí i kí ọ̀bọ na ọwọ́. Ọ̀rá ẹ̀pà tí a ń jù sílẹ̀, ògòǹgò á gbé e mì, nítorí pé ohunkóhun tó bá ń dán ló ń fà á lójú. Ọ̀ọ̀nì tí kò mira yóò jẹ́ kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta fún un láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ní ọdún 2017, ní Bangkok, àwọn dókítà ẹranko ṣí ikùn ìjàpá òkun kan, wọ́n sì kó owó ẹyọ 915 jáde níbẹ̀, owó tí àwọn ènìyàn ń jù sínú omi rẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ pé ó ń mú oríire wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjàpá náà kú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ju owó tó ní i lọ́kàn láti pa á.

Nígbà tí mo ti dárúkọ ìjàpá, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Alágba, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ààfin sọ pé ó ti lo ọdún 344 láyé. Àwọn onímọ̀ kò gba iye ọdún yìí, nítorí pé Jonathan, ìjàpá erékùṣù St Helena tí wọ́n gbà pé wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1832, ni wọ́n mọ̀ sí èyí tó dàgbà jù lọ. N kò fẹ́ bá ààfin jiyàn ọjọ́ orí. Ohun tó wú mi lórí ni pé Alágba ní àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń jẹun, tí àìjẹun rẹ̀ kò sì dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tí kò mọ ẹranko afàyàfà yóò máa fi oúnjẹ há a lẹ́nu lójoojúmọ́. Bákan náà ni òjòlá tó ti gbé ẹran ńlá mì lè wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìjẹun, ní àkókò ọyẹ́ sì rèé, nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ tó bá wà nínú rẹ̀ kì í tètè dà.

Àwọn àlejò mìíràn tún wà tí wọn kì í wá wòran. Wọ́n ń wá ọ̀rá òjòlá, irun kìnnìún, èèpo akika, àti ìkóódẹ. N kò ní bú wọn, nítorí pé àṣà àti ìṣègùn wa kò lè ṣàì mọ ẹranko. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ìpàdé àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, tí wọ́n ṣe ní Johannesburg, fi odídẹrẹ́ àti gbogbo ẹ̀yà akika sínú ìpele àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣòwò láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí pé wọ́n ń tán lọ. Ti akika dùn mí jù. Èèrà àti ikán ló ń jẹ, kì í sì í rọrùn láti mú un yè nínú àhámọ́, nítorí náà ọgbà ẹranko kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ bí ó ti ń ṣe fún àwọn ẹranko mìíràn; inú igbó ni yóò ti là tàbí ti parun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ Morẹ́níkèjì, tó ti ṣe olùdarí Ọgbà Ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn rí, ló dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo akika ní Nàìjíríà sílẹ̀, inú mi sì dùn pé ọgbà tiwa ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ní ti ìkóódẹ, odídẹrẹ́ ń pa ìyẹ́ rẹ̀ dà fúnra rẹ̀. Mo rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tó bọ́gbọ́n mu pé kí àwọn ọgbà ẹranko máa ṣa ìkóódẹ tó bá já bọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn aṣojú ọba àti àwọn onísẹ̀ṣe sì lè wá gbà á lábẹ́ òfin, dípò kí ẹnikẹ́ni fi okùn mú ẹyẹ nínú igbó.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kan ìjọba àti àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tààrà. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko wa, ìmọ̀ tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú orí òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì. Olùtọ́jú kan mọ̀ pé ìnàkí yìí kì í jẹun bí òjò bá sú, pé ìkookò yẹn ti ní eyín kan tó kán, pé ẹtu abo kan máa ń tẹ ọmọ rẹ̀ pa bí a bá sún mọ́ ọn ní ọjọ́ tó bí i. Kò sí èyí nínú ìwé kankan. Ọjọ́ tí olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn tì, wọn yóò fún un ní ìwé ìdúpẹ́, wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún ọ̀dọ́ tí kò tíì gbọ́ ohùn àwọn ẹranko náà rí. Ohun tí mo ń béèrè fún ni pé kí ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohun tó jẹ, ohun tó kù, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ní èdè tí olùtọ́jú náà gbọ́, ìbáà ṣe Yorùbá. Kí a sì gba ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ síṣẹ́ ní ọdún kan gbáko kí ó tó lọ, kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn yípo náà láràárọ̀, kí ọ̀dọ́ náà má sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ilé kìnnìún títí tí àgbà yóò fi fọwọ́ sí ìwé pé ó ti tó o ṣe.